Bí Eré, Bí Eré: Eré Ìtàn Orí Tábìlì àti Ìwà Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn àgbà ní, bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òpó fún ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé eré kan ti wọ ilé mi ní Ìlọrin, ó sì ti wọ ilé àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, ìbéèrè mẹ́ta sì ni ó bá a wọlé. Èkíní: irú ètò wo ni ó yẹ kí eré ní kí ó tó lè kọ́ ọmọ ní ohun rere? Èkejì: ọmọ tí ó bá gbé ìwà olè wọ̀ nínú eré, ṣé olè ni yóò dà lẹ́yìn eré? Ẹ̀kẹta: èló ni ó tọ́ kí òbí ná sórí ohun tí a ń pè ní eré? Mo ti ro àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fún oṣù púpọ̀, mo sì ní èrò ti ara mi lórí wọn, èyí tí mo fẹ́ tẹ́ síwájú yín kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú eré tí ó jẹ́, nítorí pé a kì í dá ẹni tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́bi. Ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson, ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974 láti ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Dungeons & Dragons. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan ni. Dọ́là 10 ni iye rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di olóògbé, Gygax ní ọdún 2008, Arneson ní ọdún 2009; ṣùgbọ́n eré náà ti tàn ká ayé, àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́ sì ti pọ̀ lọ súà.

Ẹ fi ojú inú wo àlọ́. Bí òṣùpá bá yọ, àgbà kan yóò jókòó láàárín àwọn ọmọ, yóò pa àlọ́, àwọn ọmọ yóò sì máa gbe orin rẹ̀. Ẹnu àgbà nìkan ni ìtàn ti ń jáde. Bí ó bá ní Ìjàpá jí ẹ̀wà jẹ, Ìjàpá ti jí i jẹ nìyẹn. Nínú eré ìtàn orí tábìlì, ẹnì kan náà ni yóò ṣe olùdarí: òun ni yóò sọ bí ilẹ̀ ti rí, ẹni tí a pàdé lọ́nà, àti ewu tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó jókòó yí i ká ti yan ẹni tí òun yóò jẹ́ nínú ìtàn: èyí jagunjagun, èyí àlùfáà, èyí olóògùn, èyí olè. Olùdarí yóò bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ ó ṣe?" Ohun tí wọ́n bá wí ni ìtàn yóò tẹ̀lé. Níbi tí kò bá dájú pé ohun tí ẹnì kan fẹ́ ṣe lè ṣeé ṣe, wọn yóò da dáìsì kan tí ó ní ojú ogún, iye tí ó bá sì hàn ni yóò parí iyàn. Kò sí ẹni tí ó jẹ, kò sí ẹni tí a jẹ. Ìtàn kan lè parí ní ọjọ́ kan, ó sì lè gba ọdún kan gbáko.

Ẹni tí ó bá wí pé àjèjì pátápátá ni èyí jẹ́ sí wa ti gbàgbé ìgbà èwe rẹ̀. Nínú ẹkùn-mẹ́ran, ọmọ kan á di ẹkùn, àwọn yòókù á di ẹran, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n bí ẹni pé ẹkùn gidi ni ó ń bọ̀. Nínú eré ilé, ọmọ ọdún mẹ́fà ti di ìyálé, ó ń fi yẹ̀pẹ̀ ro àmàlà nínú agolo, ọmọkùnrin ojúlé kejì sì ti di baálé tí ó ń kùn pé oúnjẹ pẹ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ kí ó lè mọ bí ó ti rí. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì yìí fi kún un ni òfin àti ìṣirò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, ni ó mú eré náà wọ ilé wa ní Adéwọlé. Òun ni olùdarí. Ọmọ márùn-ún ni ó ń jókòó yí tábìlì ìjẹun mi ká ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn kan bá ti dé láti ilé-kéwú, tí àwọn kan sì ti parí aṣọ fífọ̀. Méjì nínú wọn ni àwọn ìbejì mi, Táíwò tí ó jẹ́ ọkùnrin àti Kẹ́hìndé tí ó jẹ́ obìnrin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọmọ aládùúgbò. Èmi a máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú aṣọ rírán mi, etí mi a sì wà lọ́dọ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ni mo ti kó ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò eré. Mo gbà pé gbogbo eré ni ó ní ẹ̀kọ́ nínú, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnu eré wí ni ó ń kọ́ ni, bí kò ṣe ohun tí ó ń san èrè fún. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta. Ojú ọpọ́n jẹ́ méjìlá, ọmọ ayò jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kó ju ìdajì lọ ni ọ̀ta, ẹni tí a pa ni ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: bí ilé ẹnìkejì rẹ bá ṣófo, tí ọmọ ayò sì wà lọ́wọ́ rẹ tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fún un jẹ kí eré lè máa lọ. O kò gbọdọ̀ fi ebi pa ẹni tí ẹ jọ ń ta ayò. Kò sí ìwàásù kankan nínú òfin yìí, síbẹ̀ ọmọ tí ó bá ti ta ayò fún ọdún mẹ́wàá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún alátakò rẹ̀ ní oúnjẹ ní àìmọye ìgbà. Ètò rere ni mo ń pe irú èyí.

Kí ni eré ti Amẹ́ríkà ń san èrè fún? Nínú ìwé ti ọdún 1974, owó wúrà kan tí ènìyàn bá kó jáde láti inú ihò ilẹ̀ jẹ́ máàkì kan fún un, àwọn ẹranko abàmì tí ó bá pa sì ní máàkì tiwọn. Bí máàkì bá pọ̀, agbára rẹ̀ á pọ̀. Nínú ìwé ti ọdún 2014, wúrà kò ní máàkì mọ́. Ìṣẹ́gun ọ̀tá ni ó ní in, àyàfi bí olùdarí bá yàn láti máa gbé wọn ga nígbà tí wọ́n bá dé ibi pàtàkì nínú ìtàn. Ẹ wo bí àyípadà kékeré yìí ti tó. Bí ó bá jẹ́ wúrà ni a ń kà, ọlọ́gbọ́n yóò yẹra fún ìjà, yóò wá ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Bí ó bá jẹ́ pípa ni a ń kà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi bẹ̀bẹ̀ tàbí kí ó bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ márùn-ún yìí, tí wọn kì í pa aláǹgbá, pa gbogbo ohun tí ó mí níwájú wọn, wọ́n sì ń béèrè iye máàkì rẹ̀. Èmi kò bá wọn wí. Mo pe olùdarí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì bi í pé, "Ọmọ mi, bí wọ́n bá parí ìjà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, èló ni o ó fún wọn?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin mọ̀mí, iye kan náà ni." Láti ọjọ́ náà ni ìlàjà àti ẹ̀tàn ọlọ́gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì wa. Àwọn ọmọ náà kò yí padà. Èrè ni ó yí padà.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Bí ènìyàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré náà, yóò da dáìsì láti mọ iye ohun mẹ́fà tí a dá ẹni inú ìtàn rẹ̀ mọ́: agbára, òye, ọgbọ́n, ìyára, ìfaradà, àti ọ̀yàyà. Nígbà tí mo ka ìwé náà, mo wo àwọn mẹ́fà yìí títí, mo sì rí i pé ìwà kò sí nínú wọn. Wọn kò fi dáìsì wọn ìwà. Èyí dùn mọ́ mi, nítorí pé ó bá ohun tí àwọn baba ńlá wa gbà mu. Orí ni a kúnlẹ̀ yàn. Ẹlòmíràn yan èyí tí ó jiná, ẹlòmíràn yan èyí tí ó ya, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí tí òun mú títí ó fi dé ayé. Ṣùgbọ́n ìwà wà lọ́wọ́ ẹni. Ọmọ tí dáìsì fún ní agbára mẹ́ta péré kò jẹ̀bi, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Ọmọ tí ó bá parọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìtàn, òun ni ó yàn án.

Àwọn tí ó ṣe eré náà pín ìwà sí ọ̀nà mẹ́ta ní ọdún 1974: ẹni tí ó ń tẹ̀lé òfin, ẹni tí ó wà láàárín, àti ẹni tí ó ń da nǹkan rú. Nígbà tí ó fi di ọdún 1978, wọ́n ti fi rere àti búburú kún un, ó sì ti di yàrá mẹ́sàn-án, tí olúkúlùkù yóò ti yan ọ̀kan kí ó kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwọn yàrá yìí dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn kò sì dára láti fi parí rẹ̀. Ó dára kí ọmọ mọ̀ pé ènìyàn lè pa òfin mọ́ kí ó sì jẹ́ ìkà, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti lè rú òfin kí ó sì jẹ́ aláàánú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò tí ì mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ "ẹni rere" sórí ìwé rẹ̀ kò tí ì ṣe nǹkan kan. Ọmọlúàbí kì í kọ ọ́ síwájú orí. Ìṣe rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, mo gba àwọn ọmọ náà ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá wọn kọ ọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ojú sì ti àwọn kan díẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìwé àtijọ́ tí kò bá mi lára mu. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ẹ̀yà kan wà tí a bí gbogbo wọn ní búburú, tí ènìyàn sì lè pa wọ́n láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó ń tẹ eré náà jáde fúnra wọn rí àléébù yìí. Ní ọdún 2020 wọ́n kéde pé àwọn yóò máa fi irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ hàn bí ènìyàn tí ó lè yan rere tàbí ibi bí ti ẹlòmíràn. Fún wa ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ìlú wa ni Balógun Àjíkòbí àti Balógun Alánamú ti wà pẹ̀lú Balógun Gàmbàrí àti Balógun Fúlàní. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupé àti Bàrùbá ni wọ́n para pọ̀ di ọmọ Ìlọrin. Ọmọ tí ó bá jókòó fún ọdún kan nínú ìtàn tí ó ń wí fún un pé ìran kan wà tí kò sí ẹni rere nínú rẹ̀, irú ojú wo ni yóò fi wo ọmọ ojúlé kejì bí èdè àìyedè bá ṣẹlẹ̀ ní ọjà? Lórí èyí, èmi kò gba ìpẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ilé mi, kò sí ẹ̀yà búburú nínú ìtàn. Ènìyàn búburú ni ó wà.

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ olè náà báyìí. Olè ni Táíwò yàn láti jẹ́. Ó mọ bí a ti ń ṣí ìlẹ̀kùn, ó ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn, ó sì ti gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ewu nígbà púpọ̀. Ní Sátidé kan, nígbà tí wọ́n sùn sínú igbó nínú ìtàn, ó kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan, ó sì nà án sí olùdarí lábẹ́ tábìlì. Ohun tí ó kọ ni pé òun ti ta jagunjagun ẹgbẹ́ wọn fún àwọn ọ̀tá ní igba owó wúrà. Ọmọ tí ó ni jagunjagun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ aládùúgbò wa. Oṣù mẹ́rin ni ó ti fi tọ́ ẹni inú ìtàn rẹ̀ dàgbà. Nígbà tí ó gbọ́ pé a ti di òun ní okùn, àti ẹni tí ó di òun, ó rọra to àwọn ìwé rẹ̀ jọ, ó bú sẹ́kún, ó sì lọ sí ilé wọn.

Mo bi Táíwò pé, "Kí ló dé?" Ó ní, "Mọ̀mí, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Olè ni ẹni tí mo jẹ́ nínú eré, ohun tí olè yóò ṣe ni mo ṣe." Ó dùn ún gbọ́ létí; mo sì mọ̀ pé gbogbo àwọn tí ń ṣe irú eré yìí káàkiri ayé ni ó ti gbọ́ irú àwáwí yìí rí. Mo ní, "Ó dára. Ta ni ó yan olè? Ta ni ó mú bírò kọ ọ́ pé kí ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀? Omijé tí ó bọ́ lójú ọmọ yẹn, ṣé omijé inú eré ni?" Kò dáhùn.

Kí ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò wí pé kí ọmọ má ṣe olè tàbí ìkà nínú ìtàn. Bí kò bá sí ọ̀dàlẹ̀, ìtàn kò sí; àlọ́ wa kò lè dúró láìsí Ìjàpá. Àwọn òṣèré tíátà ń ṣe ọ̀dàlẹ̀ lórí ìtàgé ní alaalẹ́, wọ́n a sì jọ jẹun nínú àwo kan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dalẹ̀ lórí ìtàgé ti kọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sórí, ó mọ̀ pé idà ń bọ̀, ó sì ti gbà kí ó bọ̀. Nínú ẹkùn-mẹ́ran pàápàá, gbogbo ẹran ni ó mọ̀ pé ẹkùn yóò lé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí kò mọ̀, kò sì gbà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eré àti ìwà ibi nìyẹn, kò sì sí nínú irú aṣọ tí a gbé wọ̀ rárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá ọmọ náà wá, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àáfáà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú pé mo wá ní àsìkò yìí. Mo fẹ́ kí a fi òpin sí eré yìí." Mo ní, "Ẹ jókòó, Àáfáà, ẹ mu omi." Nígbà tí ó jókòó tán, ó sọ ohun méjì: pé inú ọmọ òun bàjẹ́, àti pé dáìsì ni òun rí lórí tábìlì wa. Ó rán mi létí pé tẹ́tẹ́ wà lára ohun tí Kùránì kọ̀ ní Súrà karùn-ún, ẹsẹ àádọ́rùn-ún. Mo dá a lóhùn pé a kì í ta owó lórí tábìlì wa, kò sí ẹni tí ń jẹ, kò sì sí ẹni tí ń gbèsè. Ó ní, "Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bá ti mọ dáìsì í dà, kì í pẹ́ mọ owó í ta." Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, pàápàá ní àsìkò tí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti pọ̀ ní ìgboro, tí ọmọ sì lè ta á lórí fóònù nínú yàrá rẹ̀ láìjẹ́ pé òbí mọ̀.

Kẹ́hìndé ni ó yanjú rẹ̀. Ó kó ogún lára ọmọ ayò bàbá wọn, ó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sí wọn lára láti 1 títí dé 20, ó sì dà wọ́n sínú igbá kékeré kan tí ó ní ìdérí. Ẹni tí ó bá kàn yóò mi igbá, yóò di ojú, yóò mú ọ̀kan, yóò sì dá a padà kí ẹlòmíràn tó mú tirẹ̀. Àǹfààní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú ogún, bí ti dáìsì náà gẹ́lẹ́. Táíwò ti kọ́kọ́ wí pé kí a lo dáìsì lúdò méjì, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé fi hàn án lórí ìwé pé nínú ọ̀nà mẹ́rìndínlógójì tí dáìsì méjì lè gbà bọ́, mẹ́fà ni yóò fún wa ní 7, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò fún wa ní 12, nítorí náà kò lè rọ́pò ojú ogún. Inú mi dùn ju bí mo ti lè wí lọ, nítorí pé mo ti ń bẹ ọmọ náà láti kọ́ ìṣirò láti ọdún tí ó kọjá.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀, àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n sì ṣe òfin fúnra wọn: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí ẹni inú ìtàn rẹ̀ ṣe ibi sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ náà, ní gbangba. Olùdarí kò pa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rẹ́. Ó jẹ́ kí ìtàn máa lọ. Ibi gbogbo tí olè náà dé ni wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀. Kò sí ilé èrò tí ó gbà á, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sátidé mẹ́ta gbáko ni Táíwò fi wá ọ̀nà láti ra jagunjagun náà padà, ó sì san ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó wúrà lórí ohun tí ó tà ní igba. Àáfáà gbà kí ọmọ rẹ̀ padà wá. Ẹ̀kọ́ tí Táíwò kọ́ nínú Sátidé mẹ́ta yẹn, mo rò pé bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò ní wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀.

A kì í ṣe òbí àkọ́kọ́ tí eré yìí kó àyà sókè fún. Ní Amẹ́ríkà, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní ọdún 1982 dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1983 láti gbógun ti eré náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé iṣẹ́ òkùnkùn ni. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà kò rí ẹ̀rí pé eré ni ó pa ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọdún 1989, wọ́n fi orúkọ mìíràn pe àwọn ànjọ̀nnú inú rẹ̀. Mo káàánú ìyá náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìrora rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìwà tí ó wà láàárín àwọn tí ó jókòó yí tábìlì ká ni ó yẹ kí òbí máa wò, ju orúkọ ànjọ̀nnú inú ìwé lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi pé kí a ra ìwé tuntun, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Ìwé mẹ́ta ni: ti àwọn eléré, ti olùdarí, àti ti àwọn ẹranko abàmì. Dọ́là 49.99 ni iye ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n jáde, èyí tí ó jẹ́ dọ́là 149.97 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá ka dọ́là kan sí N1,500, ó di N224,955, láìka owó ọkọ̀ òkun mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n: owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè wa fi lélẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 ni N70,000. Ẹni tí ó ń gba á yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ, láìjẹ, láìmu, kí ó tó ra ìwé eré mẹ́ta. Dáìsì aláràbarà, ère kéékèèké tí a ń kùn ní ọ̀dà, àti àwòrán ilẹ̀ tún wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá ń ra wọ́n kì í mọ ìgbà tí yóò parí.

Mo ní kí ó jókòó, kí a jọ kọ ohun tí eré náà nílò gan-an sórí ìwé. Ó nílò òfin: ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà ti gbé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2014, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn eléré bínú sí wọn nítorí pé wọ́n fẹ́ yí àdéhùn àtijọ́ padà, wọ́n fi àkójọ òfin kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò. A tẹ ìwọ̀nba ojú ìwé tí a nílò jáde. Ó nílò pẹ́ńsù àti ìwé àjákọ: àwọn wọ̀nyí wà nílé. Ó nílò nọ́ńbà ogún: igbá Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Ó nílò ìtàn: a kò lè ra èyí pẹ̀lú dọ́là, nítorí pé ìtàn Afọ̀njá àti Àlímì, ìtàn òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin tí ìlú wa fi gba orúkọ, àti ìtàn òkè Sóbì wà ní ẹnu àwọn àgbà tí ó yí wa ká. Kò bèèrè iná mànàmáná, kò sì bèèrè dátà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Eré tí ó bá ń tán owó ilé ti kúrò ní eré, bí a kò tilẹ̀ ta owó kankan lórí rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé mo kórìíra ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe eré jẹun. Ó yẹ kí a san owó fún oníṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ NIBCARD Games wà ní Àbújá, tí Kenechukwu Ogbuagu dá sílẹ̀, tí ó ń ṣe eré orí tábìlì ní orílẹ̀-èdè tiwa. Bí mo bá ní owó eré lọ́wọ́, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wù mí kí n kọ́kọ́ wò, kí àwọn ọmọ wa lè rí i pé ẹni tí ó jọ wọ́n lè jókòó kí ó ronú eré jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ òfin tirẹ̀ báyìí, nínú èyí tí máàkì tí ó tóbi jù lọ jẹ́ ti ẹni tí ó bá là á láàárín àwọn méjì tí ń jà. Èmi kò mọ̀ bóyá yóò di nǹkan; ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú irú eré yìí wọlé, ẹ má ṣe yára jù ú síta, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ kí ẹ máa lọ sùn. Ẹ jókòó tì wọ́n fún ọ̀sán kan. Ẹ bèèrè ohun tí eré náà ń san èrè fún. Ẹ bèèrè bóyá ẹni tí a ṣe ibi sí ti gbà kí a ṣe é. Ẹ bèèrè iye owó rẹ̀ kí ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá sì parí, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, "Ẹni tí o jẹ́ lónìí, ṣé o lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀?" Àlọ́ àwọn baba wa kò parí láìsí ẹ̀kọ́, eré yìí kò ní ẹni tí yóò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, àyàfi bí àwa bá wà níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé àlàbọrùn yóò di ẹ̀wù lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí a wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wa ń yan aṣọ.